Òkè Ló Ni Mí

Ojú wa di mẹ́rin láàárín èrò tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ọjọ́ ìrìn-àjò mímọ́ ni, nínú oṣù Ògún, nígbà tí ìlú wa Dassa kì í gba ara rẹ̀ mọ́: ará Kútọnu, ará Àjàṣẹ́, ará Tógò, gbogbo wọn á wá kí Màríà Mímọ́ nínú ihò àpáta rẹ̀. Tí wọ́n bá gbàdúrà tán, òkè ló kù tí wọ́n fẹ́ gùn. Èmi Gisèle, ọmọ àgbẹ̀ ẹsẹ̀ òkè, èmi ni mo máa ń ṣáájú wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Mo ń fi ibi tí ẹsẹ̀ kò ti ní yọ̀ hàn wọ́n, mo ń sọ ìtàn fún wọn, mo ń bá wọn di fóònù mú kí wọ́n lè ya ara wọn tòun ti ìlú tó wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ náà mo dúró lórí àpáta kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo ń sọ bí àwọn baba wa ṣe sá gun òkè nígbà ogun. Kò sí fóònù tí kò kọjú sí mi tàbí sí ẹni tó ni ín. Ọkùnrin kan péré ló kẹ́yìn sí wa. Ó lóṣòó sídìí igi, ó ń fi okùn so àpótí kékeré olójú kan mọ́ ara igi náà, ojú àpótí yẹn sì dojú kọ pàlàpálá òkúta tí kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, kí leléyìí ń yà? Bí ẹni pé ó gbọ́ mi, ó yí orí padà.

Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé tí mo máa ń rà létí títì Paouignan, tí ojú ọkùnrin àti obìnrin bá pàdé báyìí, gbogbo ayé á pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ tèmi, ayé kò dákẹ́. Òkè ti gbé báfù rẹ̀ sórí òkúta, àpótí orin tó tóbi tó ewúrẹ́, orin ń dún débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ la fi ń gbọ́ ọ. Òkè yìí ni ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́kadà, irú èyí tí à ń pè ní zém. Òun ló máa ń fi alùpùpù gbé àlejò wá fún mi láti ojú títì. Bí ẹ bá ju òkúta sáàárín ọjà wa, orí ẹni tó ń jẹ́ Òkè ni yóò bà, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ní báfù.

Orin ń dún, èrò ń pariwo, èmi sì gbàgbé ìtàn tí mo ń sọ.

"Gisèle, àwọn baba yín gun òkè, lẹ́yìn náà ńkọ́?" ni Òkè wí. "Àbí wọn ò tíì débẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ìdí igi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Òun rẹ́rìn-ín sí mi. Èrò kọjá láàárín wa, òmíràn tún kọjá. Nígbà tí ojú mi máa fi ríbẹ̀, igi nìkan ló kù, àti àpótí tó so mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló yọ sí wa nílé. Orúkọ rẹ̀ ni Fàtáì, ọmọ Alhaji Jímọ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà Dassa. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti dé, ìmọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́ ló ń kọ́, ọ̀gá rẹ̀ ló sì rán an wá so kámẹ́rà káàkiri òkè wa. Ó ní kámẹ́rà náà kì í sùn. Ohunkóhun tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, yóò yà á, yóò sì kọ wákàtí rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Ó ń wá ẹni tó mọ ọ̀nà tí ẹranko ń gbà.

"Ẹranko wo?" mo bi í. "Ó pẹ́ tí mo ti rí gara gbẹ̀yìn. Wọ́n ti kó lọ sí apá Kpingni."

Gara ni ẹranko kékeré orí àpáta tó dà bí òkété tí kò ní ìrù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n máa ń tò sórí òkúta bí àwọn àgbà ìjọ, wọ́n á máa yá oòrùn.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ti lọ?"

"Ojú mi."

"Ojú rẹ máa ń gun òkè nígbà wo?"

"Nígbà tí àlejò bá dé."

"Ìgbà yẹn gan-an ni wọn kì í jáde," ó ní. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti gbà láti bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àárín ọ̀sẹ̀ là ń lọ, nígbà tí kò sí àlejò. Ó máa ń bọ́ bàtà tí a bá ti sún mọ́ ihò òkúta. Tó bá ṣí omi, èmi ni yóò kọ́kọ́ fún mu. Yorùbá ọjà ló ń sọ, èmi ń dá a lóhùn ní Ìdáàṣà. Ó ní èdè wa dà bí Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, tí èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Mo ní tiwọn dà bí Ìdáàṣà tó sọ̀kalẹ̀ wá ta aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín débi pé àparò kan ta jáde nínú koríko.

"Wò ó, o ti lé e lọ," mo ní.

"Ìwọ lo lé e. Èmi ń ṣiṣẹ́ tèmi jẹ́jẹ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó ń lọ kírun, lọ́jọ́ Àìkú èmi ń lọ sí ìsìn. "Nínú ọjọ́ ìsinmi, Àbámẹ́ta nìkan ló kù fún àwa méjèèjì," ó wí, "báfù sì ti gba ìyẹn náà." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, "àwa méjèèjì" yẹn ni mò ń tún sọ lẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n fún ní àdídùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan, ó fi ohun tí kámẹ́rà rí hàn mí. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Gara wà níbẹ̀, ìyá àti ọmọ, lórí àpáta tí èmi máa ń dúró sí sọ ìtàn. Èsúró wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ó ń gbóòórùn ibi tí àwọn àlejò ti jókòó jẹun. Ṣùgbọ́n òkùnkùn biribiri ló yí gbogbo wọn ká, ojú wọn ń tàn yanran.

"Gara kì í ṣe ẹranko òru," ni Fàtáì wí. "Oòrùn ló fi ń gbé ara ró. Wo ti Ọjọ́rú: ilẹ̀ mọ́, ó jáde. Wo ti Àbámẹ́ta: báfù dé, ó wọlé, kò yọjú títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú òtútù ló wá ń jẹun, tòun ti ọmọ. Èsúró náà nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó máa rìn. Ìrọ̀lẹ́ sì ni ẹ̀yin náà ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú orin."

"Wọn ò wá lọ rárá?"

"Wọn ò lọ síbì kankan. Wákàtí ni wọ́n yí padà nítorí yín."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí, síbẹ̀ ó dùn mí. "Ṣé kí n má mú àlejò gun òkè mọ́ ni?"

"Èmi kọ́ ni màá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ. Èèyàn náà fẹ́ ṣeré, fẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́. Kí wọ́n kàn fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó nilé."

Ó ń wo ojú mi bó ti ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ gara ló ń sọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ara mi kò mọ̀.

Nígbà ìkórè iṣu, mo lọ bá àǹtí mi ṣiṣẹ́ ní Kpingni. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi, Suzanne, ń bó ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ọmọ Alhaji yẹn wá," ó ní.

"Fàtáì?"

"Ṣé Alhaji mìíràn tún ní ọmọ tó ń wá síbí ni? Ó jókòó sí ibẹ̀ yẹn, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ iṣu. Nígbà tó yá ó ní, 'Màmá, ẹ má bínú, Gisèle yìí, ṣé ẹnì kan ti wà?'"

"Kí lẹ sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní òkè ló ni ọ́. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn. Igi ni ìyá mi ń ṣẹ́ lórí òkè nígbà tí ọmọ mú un. Àárín òkúta méjì ló bí mi sí, tòun ti bàbá mi tí kò mọ èyí tí yóò dì mú nínú ìyá, ọmọ àti ẹrù igi. Láti ìgbà náà, tí mo bá pẹ́ kí n tó sọ̀kalẹ̀ wálé, wọ́n á ní ẹ fi í sílẹ̀, òkè ló ni ín. Tí mo bá ṣe orí kunkun, òkè ló ni ín. Lójú tèmi, ìyá mi ti fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé kò sí ẹnì kankan, pé ọ̀nà là.

"Kí lòun wá sọ?"

"Ó ní ó dáa. Ó ní kí n bá òun kí ọ. Kò tilẹ̀ mu omi rẹ̀ tán."

Ibi omi yẹn ló yẹ kí n ti fura. Mi ò fura. Mo wẹ̀, mo kun ìpara, mo ń dúró de ọ̀la.

Ọ̀la dé, Fàtáì kò dé. Ọ̀tunla dé. Mo pè é, kò gbé e. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí WhatsApp, àmì kan ṣoṣo ló hàn, kò di méjì títí. Mo rò pé ó ṣàìsàn, mo rò pé ó ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gun òkè, mo rí i pé ó ti tún okùn kámẹ́rà dì, okùn tuntun, pẹ̀lú kókó tó máa ń ta, èyí tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé bí ẹni tó ń so màlúù ni. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú eruku, láìsí bàtà. Ó wà nílùú. Ó ń wá. Ó kàn jẹ́ pé ìgbà tí èmi kò sí ló ń wá.

Mo lọ ní àárọ̀, mo lọ ní ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó títí ẹ̀fọn fi lé mi wálé. Nígbà mìíràn mo máa ń débẹ̀ kí koríko tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó gbérí padà, ọkàn mi á sì máa fò bí ẹni pé mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. N ó yí òkúta náà ká, kò ní sí ẹnikẹ́ni. Ìwé ìfẹ́ kò kọ́ mi ní èyí. Nínú ìwé, ọkùnrin tó bá fẹ́ sá, á wọ ọkọ̀ òfurufú, obìnrin á mọ̀ pé ó ti lọ, á sunkún, á parí. Tèmi kò lọ, kò dúró.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síwájú kámẹ́rà. Mo wọ aṣọ búlúù tó sọ pé ó yẹ mí. Mo dúró, mo fọwọ́ lẹ́rán, mo wo ojú àpótí náà bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé á rí mi, pé á rí wákàtí tí mo dé. Mo tilẹ̀ rò ó kí n kọ ọ̀rọ̀ sí páálí, kí n gbé e sókè, kí n bi í pé kí ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ náà ń wo àwọn fọ́tò yẹn. Ojú tì mí.

Ohun tí mo tún lè ṣe kí ó rí i ni ọ̀rọ̀ báfù. Àárọ̀ Àbámẹ́ta kan, mo dá Òkè dúró ní ẹsẹ̀ òkè.

"Fi báfù sílẹ̀ níbí lónìí."

"Kí n fi orin sílẹ̀? Kí ni wọ́n máa fi gun òkè, àdúrà?"

"Ẹsẹ̀ wọn. A ò sì ní gùn ún mọ́ kí ìrì tó gbẹ. A ò ní dúró síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ náà."

"Gisèle, ọmọ Alhaji yẹn ti sọ ọ́ di ìyá gara."

"Ìwọ ńkọ́? Tí o bá dé Paouignan, ta ló máa ń sọ báfù rẹ di odi?"

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní Paouignan, Odette, tó ń ta ọsàn fún àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sókè àríwá. Òkè họ orí. "Odette yàtọ̀. Ó máa ń fi ọsàn sọ̀kò."

Àmọ́ ó fi báfù náà sílẹ̀. Àwọn àlejò kan kùn, wọ́n ní òkè tí kò lórin dà bí ìsìnkú. Àwọn mìíràn dákẹ́, wọ́n ń wo ẹyẹ. Nígbà tó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ó di àṣà wa. Síbẹ̀ Fàtáì kò yọjú.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, mo lọ sọ́jà. Òwú ni mo ní mo fẹ́ rà, ṣùgbọ́n irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ìsọ̀ Ràhímọ́tù, ẹ̀gbọ́n Fàtáì, ni mo gbà lọ. Ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ bàbá wọn.

"Ẹ kú ọjà o, Àǹtí."

"Ọ̀ọ́." Kò gbójú sókè. "Kí lo fẹ́?"

"Òwú dúdú."

"Dúdú ti tán. Funfun ló kù, èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ ìyàwó. Ó yẹ kó wúlò fún ọ."

"Ìyàwó ta?"

"Ìyàwó Òkè."

Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí. "Òkè wo?"

"Ṣé wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ rẹ ni?" Ó gbójú sókè wàyí. "Ẹ̀yin ọmọ ẹsẹ̀ òkè yìí. O jẹ́ kí àbúrò mi máa gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ọ káàkiri, ó ń fún ọ lómi mu, ò ń bá a rẹ́rìn-ín, láìjẹ́ kó mọ̀ pé láti ìkókó ni wọ́n ti fi ọ́ fọ́kọ. Ìyá rẹ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Ó ní Òkè ló ni ọ́ láti ọjọ́ tí òun ti bí ọ. Fàtáì délé, kò jẹun. Ó dínà nọ́ńbà rẹ lórí fóònù, ó ní òun kì í pe ìyàwó oníyàwó."

Mo jókòó sórí ẹrù aṣọ tó wà níbẹ̀, mi ò tọrọ àyè. Mo rí Òkè tó ń gbé mi lórí alùpùpù kọjá láàárín ìlú. Mo rí fìlà tó ń yí lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, mo rí omi tí kò mu tán.

"Àǹtí, òkè ni," mo ní. "Òkè."

"Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀."

"Kì í ṣe orúkọ. Òkè." Mo nawọ́ síta, sí àpáta tó yọ lẹ́yìn òrùlé ọjà. "Òun yẹn. Orí rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Ràhímọ́tù wo ìka mi, ó wo àpáta, ó tún padà wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì tábìlì mú. "Òkúta," ó ní. "Òkúta ni àbúrò mi ń jowú láti ọjọ́ yìí." Ó nu ojú, ó gbé fóònù. "Jẹ́ kí n pè é."

"Kí lẹ fẹ́ wí?"

"Kí n sọ fún un pé Òkè kọ́ ló ni ọ́, pé òkè ni."

Àwa méjèèjì wo ara wa. Ó gbé fóònù náà kalẹ̀. "Ó le," ó ní.

"Kò yàtọ̀ lẹ́nu," mo wí. "Inú ìwé nìkan ló ti yàtọ̀. Ti èèyàn, O ńlá. Ti òkúta, o kékeré."

"Kọ ọ́ nígbà náà."

"Ẹ ó bá mi fún un?"

"Èmi? Mo ti fi oṣù yìí bú ọ, ó ti rẹ̀ mí. Gbé ẹsẹ̀ rẹ. Ọ̀sán gangan ló máa ń lọ, nígbà tí oòrùn bá lé gbogbo yín sọ̀kalẹ̀, kí ó má baà pàdé rẹ. Ṣùgbọ́n yára. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń kó kámẹ́rà rẹ̀ lọ sí Natitingou lókè àríwá, wọ́n ti fún un níṣẹ́ mìíràn níbẹ̀."

Ọ̀sán gangan. Kò sí ẹ̀dá tó ń gun òkè ní ọ̀sán gangan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wá a nígbà náà. Kò kúrò rí. Ó yí wákàtí padà ni, nítorí mi.

Mo jókòó ti ìwé àti bíìkì nílé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ ni "Òkè ló ni mí." Mo wò ó, mo rí O ńlá tó jókòó gàdàgbà níbẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni. Mo fà á ya. Mo kọ òmíràn, mo gbàgbé, mo tún fi òkè bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní ṣé ìwé ni mo fẹ́ fi dáná ni. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ mo sì bi í bóyá omi náà kò tutù ni."

Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn kò gùn. "Fàtáì, mi ò lọ́kọ. Ìyá mi sọ fún ọ pé òkè ló ni mí; òkè tí o so kámẹ́rà mọ́ ni, orí rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Wo o rẹ̀, kékeré ni. Ti Òkè oníbáfù, Odette ará Paouignan ló ni ìyẹn. Èmi ń dúró dè ọ́ láti ìgbà ìkórè iṣu." Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, irú èyí tó máa ń wà nínú ìwé. Mi ò rí èyí tó gùn tó sì jẹ́ òótọ́. Mo fi orúkọ mi sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Òkè gbé mi dé ẹsẹ̀ òkè, ó fi alùpùpù sábẹ́ igi, ó ní òun kò ní gun òkúta gbígbóná nítorí ìfẹ́ tí kì í ṣe tòun. Àpáta náà gbóná débi pé eré ni mo ń sá lórí rẹ̀.

Fàtáì wà lábẹ́ òjìji òkúta ńlá kan, ó ń tú okùn kámẹ́rà. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó dìde.

"Ẹ káàsán o," ó ní.

Ẹ. Èmi tó ti ń pè ní ìwọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Fóònù tí kò gbé kò dùn mí tó ẹyọ lẹ́tà yẹn.

"Ẹ kúuṣẹ́," mo dá a lóhùn.

"Ó dáa tí ẹ wá. Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n tó lọ." Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó gbé e sórí òkúta, ó sì rìn sẹ́yìn kí n lè wò ó láìfara kàn án. "Ẹ wo oṣù tó kọjá."

Mo wò ó. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni. Gara tò sórí àpáta nínú oòrùn, ọmọ kan gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Mo wo èyí tó tẹ̀lé e: èsúró, ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣì pọ́n lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọ́n ti ń padà sí wákàtí wọn," ó ní. "Ọ̀gá mi kò gbà á gbọ́. Ẹ ti pa báfù."

"Òkè ló gbà láti fi sílẹ̀," mo ní, nítorí pé òótọ́ ni.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo tẹ èyí tó kàn, kó tó lè dá mi dúró. Èmi ni, nínú aṣọ búlúù, mo fọwọ́ lẹ́rán. Mo tẹ òmíràn, èmi náà ni. Òmíràn.

"Àwòrán yín pọ̀ ju ti gara lọ," ni Fàtáì wí, kò wo ojú mi.

"Ṣé ọ̀gá yín ti rí wọn?"

"Mo yọ wọ́n sọ́tọ̀."

"Kí lẹ ń fi wọ́n ṣe?"

Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Láti ìsàlẹ̀, Òkè pariwo pé, "Gisèle, ṣé ẹ ò tíì parí ni? Oòrùn ń pa mí o."

"Ọkọ yín ń pè yín," ni Fàtáì wí.

"Kì í ṣe ọkọ mi."

"Àfẹ́sọ́nà yín, ẹ má bínú."

"Òkè ló ni mí lóòótọ́," mo ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe Òkè."

Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti mú lórí. "Kì í ṣe Òkè wo?"

"Kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀. Òkè mìíràn ni."

"Wọ́n wá di méjì?"

Mo rí i pé ẹnu kò ní gbà mí. Mo fa lẹ́tà náà yọ lábẹ́ ìgbànú aṣọ mi. Òógùn ti rin etí rẹ̀ kan.

"Kí nìyí?"

"Kí o kà á. Wo àwọn o inú rẹ̀ dáadáa, èyí tó tóbi àti èyí tó kéré."

"Ṣé Òkè mọ̀ pé ẹ kọ lẹ́tà sí mi?"

"Ó mọ̀. Òun ló bá mi ra àpò ìwé rẹ̀."

Ó ń wò mí, ó ń wo àpò ìwé náà, bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ ẹranko tí kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì rìn wá síbi tí mo dúró sí. Mo na lẹ́tà náà sí i. Mi ò kọ́kọ́ lè jọ̀wọ́ rẹ̀; àwa méjèèjì jọ dì í mú, ìka rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi.

Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.